Ère Iṣan Apá, Àyà àti Ẹ̀yìn: Ó Dára Lọ́wọ́, Ìwé Rẹ̀ Ni Kò Bá A Dọ́gba

Ó ti pé oṣù mẹ́rin báyìí tí ère oníke kan ti wà lórí tábìlì tí mo fi ń kọ́ni. Láti abẹ́ àgbọ̀n ni ère náà ti bẹ̀rẹ̀, ìbàdí ni ó sì parí sí. Ó tó ìdajì ìwọ̀n ara ènìyàn gidi, apá ọ̀tún nìkan ni wọ́n sì ṣe ẹran sí, nítorí pé wọ́n gé apá òsì kúrò ní èjìká, wọ́n sì bó ẹran ẹ̀gbẹ́ náà kúrò kí eegun lè hàn. Ẹyọ iṣan 37 ni ó ṣeé yọ kúrò kí a sì dá padà, òòfà kékeré ni ó ń mú ọ̀pọ̀ nínú wọn dúró, ìwé pẹlẹbẹ kan tí wọ́n to orúkọ iṣan sí sì bá a wá nínú páálí. Àwọn tí mo ń kọ́ ni ẹni tó fẹ́ máa darí eré ìdárayá àti ẹni tó fẹ́ máa fọwọ́ wọ́ ara fún àwọn tí ara ń ro. Ìṣòro kan ṣoṣo tí mo máa ń bá pàdé lọ́dọ̀ wọn ni ó mú mi ra ère yìí: wọn a há orúkọ iṣan sórí bí ẹni ń há nọ́ńbà fóònù sórí, wọn a sì gbàgbé rẹ̀ bí ẹni ń gbàgbé nọ́ńbà fóònù. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn orúkọ wọ̀nyí kì í ṣe orúkọ lásán. Àpèjúwe ni wọ́n. Ẹni tó bá gbọ́ ohun tí orúkọ ń wí kò ní láti há a sórí mọ́, ìdí sì nìyẹn tí ohun tí mo fi wọn ọjà yìí kò fi ju ẹyọ kan lọ, ìyẹn ni bí ó bá jẹ́ kí ẹni tó dì í mú fi ojú ara rẹ̀ rí ìdí tí iṣan náà fi ń jẹ́ orúkọ tó ń jẹ́.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo ń pè ní iṣan, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà gbòòrò lẹ́nu wa. Ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà nínú ara, iṣan ni à ń pè é. Okùn líle tó máa ń yọ lẹ́yìn ọwọ́ nígbà tí a bá na ìka, iṣan náà ni. Ohun tó ń jẹ́ kí ara mọ ìrora, iṣan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn tún ń pè é. Nínú àyẹ̀wò yìí, ẹran tó ń sún kì tó sì ń fa eegun ni mo ń pè bẹ́ẹ̀, èyí tí àwọn ará Róòmù ń pè ní musculus. Eku kékeré ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà ní èdè Látìn. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kí ó na apá rẹ̀, kí ó ká a díẹ̀díẹ̀, kí ó sì máa wo ibi tí ẹran ti ń kó jọ lókè ìgúnpá: yóò rí i pé ó ń sún lábẹ́ awọ bí eku tó há sábẹ́ ẹní. Ìwé tó bá ère náà wá kò sọ ọ̀rọ̀ eku rárá, èyí sì ni àmì àkọ́kọ́ tí mo rí pé àwọn tó kọ ọ́ kò ka orúkọ sí ohunkóhun ju àmì ìdánimọ̀ lọ.

Àmì kejì ni nọ́ńbà. Kò sí orúkọ kankan lára ère náà. Nọ́ńbà ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan, láti 1 dé 37, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì máa wo ère, yóò máa wo ìwé, kí ó tó mọ ohun tó mú dání. Mo gbà pé àyè kò pọ̀ lára iṣan tó tẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà tí àwọn tó ṣaájú wa ti kúrò tipẹ́ ni nọ́ńbà yìí dá wa padà sí. Galen, oníṣègùn tí wọ́n bí ní Pergamon ní ọdún 129, kọ̀wé rẹpẹtẹ nípa iṣan, àmọ́ ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó fún ní orúkọ. Ńṣe ni ó ń ṣàpèjúwe àwọn yòókù tàbí tí ó ń kà wọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà ara tí wọ́n ń gbé. Nígbà tí Andreas Vesalius, onímọ̀ ẹ̀yà ara, gbé ìwé ńlá rẹ̀ jáde ní ìlú Basel ní 1543, pẹ̀lú àwòrán tí ènìyàn ṣì ń yà sí títí di òní, kíkà náà ni òun náà gbára lé: iṣan kìíní tó ń gbé apá, iṣan kejì tó ń gbé apá, bẹ́ẹ̀ lọ títí. Ohun tó burú nínú kíkà ni pé bí ẹlòmíràn bá bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ ẹ̀yìn dípò ọwọ́ iwájú, ẹni tó jẹ́ kejì lọ́dọ̀ tibí yóò di kẹrin lọ́dọ̀ tọ̀hún. Jacobus Sylvius, tí ó kọ́ Vesalius fúnra rẹ̀ ní Paris tí ó sì kú ní 1555, ni ó sọ ọ̀pọ̀ nínú iṣan lórúkọ tí a ṣì ń pè wọ́n. Lẹ́yìn rẹ̀, orúkọ wá pọ̀ jù, nítorí pé olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún fi ń parí lọ, nǹkan bí 50,000 orúkọ ni ó wà nílẹ̀ fún ẹ̀yà ara tí orúkọ bí 5,000 ìbá tó fún. Àwọn onímọ̀ ẹ̀yà ara pàdé ní Basel ní 1895 láti fọwọ́ sí àkójọ kan ṣoṣo ní èdè Látìn, wọ́n tún un ṣe ní Paris ní 1955, èyí tí ó sì jáde ní 1998 ni Terminologia Anatomica. Gbogbo wàhálà yìí ni ilé iṣẹ́ tó ṣe ère mi fi bébà kékeré alẹ̀mọ́ bò mọ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí n má fi ti ìwé ba ti ère jẹ́, nítorí pé ère náà fúnra rẹ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹyọ tó bo èjìká ni mo máa ń kọ́kọ́ fà yọ fún akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Deltoid ni orúkọ rẹ̀, ìyẹn ohun tó jọ délítà, lẹ́tà kẹrin nínú álífábẹ́ẹ̀tì àwọn Gíríìkì, tí a ń kọ báyìí: Δ. Ọmọbìnrin kan tí mo kọ́kọ́ gbé e lé lọ́wọ́ yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó ní òun kò rí délítà kankan. Mo ní kí ó dojú rẹ̀ dé. Ó dojú rẹ̀ dé, ó sì rẹ́rìn-ín, nítorí pé ṣóńṣó Δ wà lókè nígbà tí ṣóńṣó iṣan náà ń tọ́ka sísàlẹ̀, síbi tí ó ti mọ́ eegun apá ní agbedeméjì èjìká àti ìgúnpá. Mo ti fi àwòrán inú ìwé kọ́ ènìyàn ní ohun kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì sí ẹni tó rẹ́rìn-ín rí. Àwọn tó ṣe ère náà tún fi àwọ̀ mẹ́ta tó sún mọ́ra ya apá iwájú, àárín àti ẹ̀yìn iṣan náà sọ́tọ̀, nítorí pé ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá yàtọ̀: iwájú wá láti ara eegun tó dábùú lókè àyà, àárín wá láti góńgó èjìká, ẹ̀yìn sì wá láti ara ìlà tó yọ lẹ́yìn eegun pẹlẹbẹ èjìká. Iṣẹ́ ọnà tó mọ́gbọ́n dání ni.

Ibi tí gígé apá òsì kúrò ti wá dun mi gan-an ni trapezius, iṣan ńlá tó sọ̀ kalẹ̀ láti ìpàkọ́ dé àárín ẹ̀yìn. Orúkọ náà wá láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí wọ́n fi ń pe tábìlì kékeré àti ohun onígun mẹ́rin. Bí ènìyàn bá wo ère yìí, onígun mẹ́ta ni yóò rí, yóò sì rò pé ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ kò mọ kíkà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣan ọ̀tún àti iṣan òsì ni a gbọ́dọ̀ wò pọ̀ kí igun mẹ́rin tó pé, ère yìí kò sì ní ti òsì. Mo wá gbé dígí pẹlẹbẹ kan, mo fi etí rẹ̀ ti ọ̀pá ẹ̀yìn ère náà ní òró, òjìji iṣan ọ̀tún sì di ti òsì nínú dígí. Lẹ́sẹ̀ kan náà ni igun mẹ́rin yọ. Bí ẹ bá ra irú rẹ̀, ẹ má ṣe sọ dígí yín nù. Nínú ìwé àwọn ará àtijọ́, orúkọ mìíràn tún wà fún iṣan yìí, cucullaris, nítorí pé wọ́n ní méjèèjì pọ̀ jọ fìlà ẹ̀wù àwọn mọ́ńkì tó rọ̀ sẹ́yìn. Orúkọ yẹn náà kò lè yé ẹni tó bá ń wo apá kan.

Serratus anterior ni wọ́n ṣe dára jù lọ ní gbogbo ara ère náà. Eléyín bí ayùn ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ìhà lábẹ́ abíyá ni ó sì wà. Wọ́n gbẹ́ eyín rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ara egungun ìhà mẹ́jọ, ìka lè kà wọ́n láìwo ibẹ̀, bí a bá sì gbé eegun pẹlẹbẹ èjìká kúrò, a óò rí i pé iṣan náà gba abẹ́ rẹ̀ kọjá dé etí rẹ̀ tó kọjú sí ọ̀pá ẹ̀yìn. Ìdí nìyẹn tí eegun èjìká fi máa ń yọ síta bí ìyẹ́ ẹyẹ lára ẹni tí ẹ̀sọ tó ń darí iṣan yìí, ìyẹn okùn tó ń gbé àṣẹ ọpọlọ wá fún un, bá ti bàjẹ́. Wọ́n kò ṣe rhomboid méjèèjì, àwọn iṣan tó wà láàárín ọ̀pá ẹ̀yìn àti eegun pẹlẹbẹ èjìká, dáadáa tó bẹ́ẹ̀: kékeré ni ó wà lókè, ńlá ni ó wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ike rọ, wọ́n sì fi ìlà dúdú là á láàárín.

Ọ̀rọ̀ teres ni ó bí mi nínú. Ohun tó rí roboto, tó gùn bí okùn, ni Látìn ń pè bẹ́ẹ̀, méjì sì ni wọ́n, teres minor lókè àti teres major nísàlẹ̀, lẹ́yìn èjìká. Nítorí pé orúkọ wọn jọ, ìwé pẹlẹbẹ náà kun àwọn méjèèjì ní àwọ̀ kan náà, ó sì kó wọn pọ̀ mọ́ iṣan tó ń di oríkèé èjìká mú kí ó má yẹ̀. Àṣìṣe ni. Mẹ́rin ni iṣan tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn: supraspinatus, infraspinatus, teres minor àti subscapularis. Teres major kò sí nínú wọn. Iwájú eegun apá ni ó lọ mọ́, inú ni ó ń yí apá sí, nígbà tí teres minor ń yí i síta, ẹ̀sọ tó ń darí wọn kò sì jẹ́ ọ̀kan náà. Major àti minor kò sọ fún wa pé ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n, ohun tó sọ ni pé ìrísí wọn jọra, pé ọ̀kan sì tóbi ju èkejì lọ. Mo fi yíǹkì pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ojú ìwé náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń dá kàwé má baà ṣìnà.

Nínú àwọn iṣan mẹ́rin tí mo dárúkọ yìí, mẹ́ta ló ń sọ ibi tí wọ́n wà. Subscapularis wà lábẹ́ eegun èjìká, níhà tó kọjú sí egungun ìhà. A kò lè rí i lára ènìyàn, a kò sì lè rí i dáadáa nínú àwòrán, ṣùgbọ́n apá ère yìí ṣeé yọ tòun ti eegun èjìká, tí a óò sì yí i padà láti wo inú rẹ̀. Supraspinatus wà lókè spina, infraspinatus wà nísàlẹ̀ spina. Ibi tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọsẹ̀ nìyí, nítorí pé ohun tó wá sí wọn lọ́kàn bí wọ́n bá ti gbọ́ spine ni ọ̀pá ẹ̀yìn, wọ́n a sì máa wá iṣan náà lórí ọrùn. Ẹ̀gún ni spina ní èdè Látìn. Ìlà eegun tó yọ lẹ́yìn eegun pẹlẹbẹ èjìká ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ níbí, ẹ lè fi ìka wá a lára ara yín: ẹ na ọwọ́ òsì kọjá lórí èjìká ọ̀tún, ẹ tẹ ẹ̀yìn, ẹ óò bá ohun líle kan tó dábùú. Òkè rẹ̀ ni ti supra, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ti infra. Ìwé náà kọ ìtumọ̀ orúkọ méjèèjì, ṣùgbọ́n kò ṣàlàyé ẹ̀gún, ohun tó kọ sì lè tan ẹni tí kò bá ní olùkọ́ jẹ.

Mo wá dé ibi tí mo ti gbà pé owó mi kò ṣòfò: òkè apá. Biceps brachii túmọ̀ sí olórí-méjì ti apá, triceps brachii sì túmọ̀ sí olórí-mẹ́ta ti apá. Orí ni Látìn ń pe ibi tí iṣan ti pilẹ̀, ìyẹn ibi tí kì í fi bẹ́ẹ̀ sún nígbà tí iṣan bá ń ṣiṣẹ́. Lára ère náà, orí kúkúrú biceps so mọ́ eegun tó yọ ṣóńṣó níwájú èjìká, orí gígùn rẹ̀ sì di okùn tín-ín-rín tó gba inú kòtò lára eegun apá kọjá wọnú oríkèé èjìká lọ. Wọ́n fi okùn rọ́bà ṣe èyí, ènìyàn sì lè fà á kí ó sì rí bí ó ṣe ń yọ́ lọ nínú kòtò náà. Ohun tó ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lẹ́nu ni pé iṣan tí ń jẹ́ ti apá yìí kò fara mọ́ eegun òkè apá níbì kankan: láti eegun èjìká ni ó ti fò ó kọjá lọ mọ́ eegun ìsàlẹ̀ apá níhà àtàǹpàkò. Orúkọ rẹ̀ sọ ibi tó wà, ó sì sọ iye orí rẹ̀, kò ṣèlérí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, brachialis yóò yọjú lábẹ́ rẹ̀, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò wí ju ti-apá lọ, tí ó sì jẹ́ pé òun gan-an ni alágbára jù nínú kíká ìgúnpá. Biceps ni ó gbajúmọ̀. Brachialis ni ó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀.

Kí ó má bàa dà bí ẹni pé biceps ń jókòó lásán, mo máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ká ìgúnpá rẹ̀, kí ó fi ọwọ́ kejì di ẹran náà mú, kí ó wá ṣe bí ẹni ń yí kọ́kọ́rọ́ nínú ilẹ̀kùn tó le. Bí ó bá ti ń ṣí àtẹ́lẹwọ́ sókè, ẹran yóò le gbagidi lábẹ́ ìka rẹ̀. Bí ó bá ń dojú àtẹ́lẹwọ́ bolẹ̀, yóò rọ̀. Supination ni wọ́n ń pe ìṣípò àkọ́kọ́, láti inú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún ẹni tó fẹ̀yìn lélẹ̀. Pronation ni ìkejì, ti ẹni tó dojú bolẹ̀. Èyí ló bí orúkọ supinator, pronator teres àti pronator quadratus, èyí tí ìgbẹ̀yìn wọn ní igun mẹ́rin lóòótọ́, tí ó sì wà lókè ọrùn ọwọ́, nísàlẹ̀ pátápátá lábẹ́ gbogbo okùn.

Ìsàlẹ̀ apá ni orúkọ gígùn pọ̀ sí jù, ibẹ̀ náà ni akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń sọ pé òun kò ṣe mọ́. Extensor carpi radialis longus: lójú ẹni tó ń há a sórí, ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí kò nítumọ̀ ni, lójú ẹni tó ń kà á, gbólóhùn kan ni. Ẹni tó ń nà ni extensor, ọrùn ọwọ́ ni carpi, radialis ní kí a wò ó níhà radius tí í ṣe eegun ìhà àtàǹpàkò, longus sì ní òun gùn. Kò sí ẹni tí à ń pè ní gígùn láìsí kúkúrú nítòsí, nítorí náà akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rí longus ti mọ̀ pé kí òun wá brevis, yóò sì bá a lábẹ́ rẹ̀ lóòótọ́. Radialis náà ń sọ pé ulnaris wà ní òdìkejì, níhà ọmọńdinrín. Flexor digitorum superficialis ń ká ìka, ó sì wà lókè. Profundus ń ká ìka pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ni ó wà. Àwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ lédè wa, ìka kan ń jẹ́ ìfábẹ̀lá nítorí iṣẹ́ rẹ̀, òmíràn ń jẹ́ ọmọńdinrín nítorí ìwọ̀n rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń há wọn sórí. Lára ère yìí, ẹyọ mẹ́sàn-án ni a lè yọ ní ìsàlẹ̀ apá, ní ìpele ìpele, superficialis yóò sì kúrò kí profundus tó hàn. Mo ti rí ère tó wọ́n jù èyí lọ tí wọ́n fi ọ̀dà kun gbogbo rẹ̀ sójú kan.

Ṣùgbọ́n ìwé yẹn tún ti dé o. Iṣan kan wà níhà àtàǹpàkò tó ń yọ gbùngbùn bí ènìyàn bá gbé ìkúùkù rẹ̀ sábẹ́ tábìlì, tí àtàǹpàkò kọjú sí òkè, tí ó sì ń ti tábìlì náà sókè. Brachioradialis ni orúkọ rẹ̀, láti apá dé radius. Nínú ìwé àtijọ́, supinator longus ni wọ́n ń pè é, nítorí wọ́n gbà pé ṣíṣí àtẹ́lẹwọ́ sókè ni iṣẹ́ rẹ̀. Kíká ìgúnpá ni olórí iṣẹ́ rẹ̀, pàápàá nígbà tí àtàǹpàkò bá wà lókè, wọ́n sì ti yí orúkọ náà padà tipẹ́. Orúkọ àtijọ́ ni ó wà nínú ìwé tó bá ère mi wá. Èyí ni ewu tó wà nínú sísọ iṣan ní orúkọ iṣẹ́: ibi tí iṣan ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí kì í yí padà, ṣùgbọ́n ohun tí a rò pé ó ń ṣe lè já sí irọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn àwọn orúkọ tó dà bí àpèjúwe ọ̀nà, tó ń sọ ibi tí iṣan ti gbéra àti ibi tó dé. Coracobrachialis gbéra láti ibi eegun tí àwọn Gíríìkì fi wé ẹnu ẹyẹ ìwò, ó sì dé apá. Sternocleidomastoid, tó yọ gedegbe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn bí a bá yí ojú, gbéra láti eegun àárín àyà àti láti eegun tó dábùú lókè àyà, tí orúkọ rẹ̀ ní Látìn túmọ̀ sí kọ́kọ́rọ́ kékeré, ó sì lọ dé kókó eegun ẹ̀yìn etí. Ère náà kùnà níbí, nítorí pé ó bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ àgbọ̀n: ìbẹ̀rẹ̀ iṣan yìí wà, òpin rẹ̀ kò sí, orúkọ náà sì gé láàárín.

Ti ikùn kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Rectus lọ tààrà, obliquus méjèèjì dagun, transversus dábùú, wọ́n sì gbẹ́ ìlà ẹran wọn kedere débi pé mi ò rí àlàyé ṣe.

Ìkùnà méjì mìíràn wà. Wọ́n fo subclavius, iṣan kékeré tó wà lábẹ́ eegun tó dábùú lókè àyà, bí ẹni pé kò sí. Wọ́n sì ṣe palmaris longus bí ẹni pé gbogbo ènìyàn ló ní i. Ẹ fi àtàǹpàkò kan ọmọńdinrín, kí ẹ sì ká ọrùn ọwọ́ díẹ̀: okùn tó bá yọ ní àárín gan-an ni. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní in lápá ọ̀tún, kò ní in lápá òsì, kò sì sí ohun tó ṣe ọwọ́ rẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo nínú ìwé ìbá ti tó láti sọ èyí.

Ìwé tí kò sọ ìyẹn kò ní sọ pé àwọn kan nígbà kan rí pe levator scapulae, agbé-eegun-èjìká-sókè, ní iṣan sùúrù, tàbí pé latissimus dorsi, tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí èyí tó fẹ̀ jù lọ ní ẹ̀yìn, ti jẹ́ aniscalptor rí, nítorí pé òun ni ó ń gbé ọwọ́ lọ sẹ́yìn fún ẹni tí ìdí ń yún. Èmi ni mo máa ń sọ ìyẹn fún wọn. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó gbàgbé iṣẹ́ latissimus dorsi lẹ́yìn ìyẹn.

Ní ti bí ó ṣe lágbára tó: òòfà rẹ̀ mú dáadáa àyàfi ti deltoid, tó máa ń já bọ́ bí a bá ti tábìlì. Ní oṣù kejì, okùn rọ́bà orí gígùn biceps já nínú kòtò. Mo kọ̀wé sí ẹni tó tà á fún mi. Wọ́n dáhùn ní ọjọ́ kẹta, wọ́n sì fi ọ̀wọ̀ dáhùn, ṣùgbọ́n biceps apá òsì ni wọ́n fi ránṣẹ́, fún ère tí kò ní apá òsì. Mo tún kọ̀wé, n kò tíì gbọ́ nǹkan kan. Fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, orí kan ṣoṣo ni olórí-méjì ní, akẹ́kọ̀ọ́ kan sì béèrè lọ́wọ́ mi bóyá kí àwọn máa pè é ní olórí-kan títí ìdáhùn yóò fi dé. Mo bu ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún fún un. Ìwé náà ni ó jẹ ọ̀kan, okùn náà ni ó jẹ èkejì. Mo ti ṣí gbogbo nọ́ńbà kúrò lára ẹyọ 37 náà, mo fi bírò aláìlèparẹ́ kọ orúkọ sí ẹ̀yìn wọn níbi tí àyè gbà, mo sì ti fi wáyà tín-ín-rín dí ojú ibi tí okùn ti já. Kò yọ́ nínú kòtò bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ti pé méjì.